Ewùrà Tí Mo Gbé Lọ Sétí Òkun

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin: ọjọ́ tí èmi àti Bàbá Bùkọ́lá, ọkọ mi, lọ gbafẹ́ létí òkun l'Ékòó. Ìgbafẹ́ ni wọ́n pè é o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí.

Bùkọ́lá ọmọ wa ló ṣètò rẹ̀. Ó ní àádọ́ta ọdún tí a ti fẹ́ra wa kì í ṣe ohun tí a ń fi ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan parí. Ó gba yàrá fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ti san owó oúnjẹ mọ́ ọn. Ó ní, "Màámi, ẹ ò ní fọwọ́ kan ìkòkò." Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ní Ìkẹ́nnẹ́, bí kì í bá ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èmi ni mo ń se ohun tí mo ń jẹ. Mo ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Mo sọ fún Ìyá Ṣẹ́gun tí ilé wa jọ kángun síra pé, "Bí mo bá dáná létí òkun yẹn, kó o máa pè mí ní òpùrọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ lọ ná, Màámi. Ẹ óò bá mi níbí."

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í lọ sùn nílé onílé lọ́wọ́ òfo. Mo bá ṣa ewùrà tó dára jù nínú èyí tí mo wà lóko, mo dì í sínú àpò. Bùkọ́lá ń wa ọkọ̀, ó ń bá mi jà láti Ṣágámù títí a fi kọjá Lìkòsì.

"Màámi, òtẹ́ẹ̀lì ni! Ta lẹ fẹ́ fún ní ewùrà?"

"Ẹni tó ni ilé. Àbí kì í jẹun ni?"

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé. Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀ wo ewùrà, ó wò mí. Mo ní kó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, kó sọ pé àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ kí i. Ó ní ọ̀gá àwọn kì í gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun á gbé e pamọ́ sí kíṣìnì. Bùkọ́lá fọwọ́ bojú, ó padà sílé rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí a wá jẹun. Wọ́n to oúnjẹ sórí tábìlì gígùn kan: àkàrà, ẹyin, dòdò, ẹja díndín, ìbẹ́pẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Itọ́ kún ẹnu mi. A jókòó lójú fèrèsé, a ń retí kí wọ́n gbé tiwa wá. Àwọn èèyàn ń dìde, wọ́n ń bu oúnjẹ fúnra wọn. Bàbá Bùkọ́lá ń mi orí.

"Wo bàbá yẹn, pẹ̀lú ewú lórí! Ó ń ṣí ìdérí kiri bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé."

Èmi náà ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ará Èkó ni wọ́n."

A ti gbàdúrà oúnjẹ tán, oúnjẹ ò dé. Ọkọ mi, Bàbá Ìjọ ni, kò sì ní béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Àkàrà ń kọjá lọ níwájú mi, mo ń wò ó bí ẹni ń wo òkú ojúlùmọ̀. Mo pe ẹni tó ń gbé e lọ, mo ní tiwa ńkọ́? Ó ní, "Háà, Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ máa ń lọ bù ú fúnra yín. Ó di oúnjẹ ọ̀sán o."

Bàbá Bùkọ́lá wá kọjú sí mi. "Ìwọ ló yẹ kó o mọ̀. Ṣebí ìwọ lobìnrin?"

Mo dìde, mo gbé báàgì mi. Bí mo bá la ẹnu, ìgbéyàwó náà lè má pé àádọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan.

A lọ sétí òkun. Wọ́n ń sun ẹja níbẹ̀, òórùn rẹ̀ ń fà mí nímú. Mo ní kí wọ́n gbé ńlá kan wá. Bí a ṣe ń retí rẹ̀, ọkọ mi ní omi iyọ̀ dára fún èrìgì, òun fẹ́ lọ yọ ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, eyín òkè rẹ̀, àtọwọ́dá ni. Ṣágámù la ti ṣe é.

"Bàbá Bùkọ́lá, ẹ má bọ́ eyín lẹ́bàá òkun o!"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń yọ ẹnu?"

Ó tẹ̀ ba, ó bọ́ ọ. Ìgbì kan dìde, ó gbá a níkùn, ó fi ìdí jókòó gbì! Nígbà tó dìde, fìlà wà lórí, ọwọ́ ṣófo. Gbogbo èrò etí òkun dà jáde, wọ́n ń bá wa wá eyín. Ọkùnrin kan bi mí pé báwo ló ṣe rí. Mo ní, "Ó rí bí eyín." Kí ni ǹ bá tún sọ? Ìgbà tí a padà sídìí ẹja, ajá kan tí mi ò mọ olówó rẹ̀ ti jẹ ẹja náà, ó ń gbé orí rẹ̀ sá lọ.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé ẹran wá, ọkọ mi ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ògì wá, ó ní ṣé àìsàn ń ṣe òun ni? Alásè fúnra rẹ̀ jáde wá bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin àná ti yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ewùrà yín ṣì wà ní kíṣìnì o."

Ojú Bàbá Bùkọ́lá tàn bí ọjọ́ Kérésì. "Ìkọ́kọrẹ́!"

Alásè ní òun ò mọ̀ ọ́n sè.

Gbogbo wọn wá ń wò mí.

Báyìí ni mo ṣe ká aṣọ mi sókè ní kíṣìnì ilé olówó, mo ń rin ewùrà, mo ń da epo, mo ń wá ẹja gbígbẹ, èéfín ń pa mí lẹ́kún. Òórùn rẹ̀ kó àwọn àlejò jọ. Wọ́n gbé ìkòkò náà sórí tábìlì gígùn yẹn. Ẹ gbà mí! Ta ló kọ́kọ́ dìde, tó ṣí ìdérí, tó bù ú kún àwo? Bàbá Ìjọ mi! Kí n tó nu òógùn tán, èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò ló kù tí mo fá jẹ. Alásè ní ṣé òun lè rán èèyàn lọ ra ewùrà sí i de alẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi pe Bùkọ́lá, kó wá kó wa lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí a délé, Ìyá Ṣẹ́gun ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, kí lẹ jẹ létí òkun?"

Mo ṣì ń ro irọ́ tí mo máa pa nígbà tí ọkọ mi fi èrìgì dáhùn: "Ìkọ́kọrẹ́! Kò sè é báyìí rí nílé!"

Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí gèlè fi jábọ́ lórí rẹ̀. "Òpùrọ́, ẹ kú àbọ̀ o!"

Títí di òní, orúkọ tó ń pè mí nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ sinmi ìdáná, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ewùrà dání. Bùkọ́lá tún ti ń sọ pé ká padà lọ. Mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ lọ́wọ́ òfo, wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ni mo máa gbé lọ́tẹ̀ yìí. Ká wá wo ẹni tó máa ní kí n lọ sè é! Hà hà! Àbí Bàbá Bùkọ́lá náà ni?