Lẹ́tà Ọkọ Raliat

Àṣìṣe kékeré kan ni Raliat ṣe lọ́jọ́ tó wáṣẹ́ lọ sílé iṣẹ́ kajú Díákónì Akínpẹ̀lú, lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́: ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọkùnrin. Díákónì yọjú láti ọ́fíìsì, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ìwọ obìnrin yìí, dìde níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣọ́ sítóò ló ń jókòó síbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin tó ń fọ́ kajú wà."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Iṣẹ́ sítóò ni mo bá wá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é ní Ọ̀yọ́."

Ó pè é wọlé, ó yẹ ìwé rẹ̀ wò látòkè délẹ̀.

"Ìwé rẹ pé. Àléébù kan ló wà níbẹ̀: obìnrin ni ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ó ti pẹ́."

"O lọ́kọ?"

"Mo lọ́kọ, sà."

"Ṣó o rí i? Wàá lóyún."

"Mo ti bí mẹ́rin, sà. Mo ti ṣíwọ́."

"Tó o bá ti ṣíwọ́, o ti dàgbà jù nìyẹn."

"Ta ló wà níbẹ̀ ṣáájú, sà?"

"Mubaraq. Géńdé ọkùnrin!"

"Ṣé oyún ló lé e lọ?"

"Ó kó àpò kajú mẹ́rìnlá, ó sá gba Ìlọrin lọ!"

Raliat mi orí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ò lè gbé mẹ́rìnlá, sà. Obìnrin ni mí."

Díákónì wúkọ́. Ó na ìka sí ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ka òfin kẹta."

"'Abilékọ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ sítóò láìmú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wá.' Ṣé Mubaraq mú lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ wá, sà?"

"Kí ló kan ìyàwó nínú iṣẹ́ ọkọ? Lọ gba lẹ́tà."

"Ọkọ mi wà lóko ní Ìkòyí-Ilé. Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kó tó wálé."

"Òní ni mò ń gba èèyàn."

Gààrí tó kù nílé Raliat kò sì lè dé ọjọ́ Jímọ̀. Díákónì rí i tó fajú ro, ló bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àṣà. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ wa ni? Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọwọ́ pàápàá! Èyíkéyìí nínú wọn tó bá kọ lẹ́tà, mo gbà á."

"Èyíkéyìí, sà?"

"Díákónì kì í parọ́. Agbo ilé wo ni wọ́n gbé ọ níyàwó sí?"

"Ilé Olókìtì, sà. Ìyàwó Saifudeen ni mí."

Pẹ́ẹ̀nì bọ́ lọ́wọ́ Díákónì. "Saifu ọmọ Alájì Ismaheel? Àbúrò bàbá mi ni Alájì! Ọdún wo ni wọ́n gbé ọ wọlé?"

"Ọdún kejì tí ẹ kọ́lé tuntun, tí ẹ ò yọjú sí agbo ilé mọ́."

Raliat kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ kú ilé, ọkọ mi, Agùntáṣọọ́lò. Pẹ́ẹ̀nì yín rèé."

Díákónì kò ga ju àpò kajú méjì tí wọ́n tò léra lọ. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó nàró. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Èmi Akínpẹ̀lú, ọkọ Raliat, fọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ó wá ku òrùlé."

"Òrùlé wo?"

"Yàrá wa ń jò. Àwọn ọmọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ bàtà iléèwé. Iléyá náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a ò tíì rí àgbò."

"Àgbò Iléyá? Èmi, díákónì?"

"Lẹ́tà yín rèé, sà. Ẹ ti buwọ́ lù ú."

Díákónì já lẹ́tà gbà, ó fà á ya. Ó fò mọ́ ògiri, ó fa òfin náà ya pẹ̀lú.

"Láti òní lọ, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni kó ṣe é! Mi ò fẹ́ rí lẹ́tà ọkọ ẹnì kankan mọ́! Gba kọ́kọ́rọ́!"

"Ṣé kí n ṣì máa pè yín ní ọkọ mi, sà?"

"Ọ̀gá ni kó o máa pè mí!"

"Agùntáṣọọ́lò ńkọ́?"

Díákónì wo ẹ̀yìn, ó tún nàró díẹ̀. "Ìyẹn… ìyẹn lè dúró."

Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níta báyìí, tọkùnrin tobìnrin ló ń jókòó sí i. Raliat wà nínú sítóò, lẹ́yìn Ọjà Igbó, ó ń ka àpò.