Irùngbọ̀n Tó Bá Òòlù Lọ

Àbúrò bàbá mi ni Àgbọ̀n-bí-àwo, arẹwà tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó rẹ̀. Irun kan ò hù lágbọ̀n rẹ̀ rí. Ó dùn ún ju ebi lọ.

Bàbá mi ló ní irùngbọ̀n. Àga tìmùtìmù ló ń ṣe. Onírùngbọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò lágbọ̀n, ó bọ́ sínú iṣẹ́. Àga tí ò bá ti mì, wọ́n á ní, "Eléyìí nírùngbọ̀n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, obìnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì pè. Ogójì àga ló fẹ́ ṣe. Kò rí bàbá mi rí. Onírùngbọ̀n ló ní òun fẹ́. Ẹbí wá ní ẹni tí obìnrin náà bá gbé iṣẹ́ fún ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá kékeré fọwọ́ pa àgbọ̀n. Ó ní kí ni ọmọdé bíi tèmi mọ̀ nípa irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wá kàn-ìn-kàn-ìn onírin tó fi ń ha ìdí ìkòkò, kò rí i.

Lọ́jọ́ tí obìnrin náà dé, àgbọ̀n bàbá kékeré ti hewú. Àgbàdo gan-an kì í yára yọ irun tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ló wà nínú irùngbọ̀n yìí."

Obìnrin náà ní, "Ẹ kan ìṣó díẹ̀ kí n rí i, bàbá."

Ẹnu la máa ń kó ìṣó wẹ́wẹ́ sí. Òòlù wa ní òòfà lórí. Tó bá ti kan ètè, ó ti gbé ìṣó kan nìyẹn. Bàbá kékeré kó ìṣó sẹ́nu, ó gbé òòlù súnmọ́ ètè.

Ìṣó ò jáde. Irùngbọ̀n ló jáde. Òòfà ti gbá a mú. Bàbá kékeré fa òòlù, gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ ò fẹ́ gbà. Fàà! Òòlù di arúgbó, bàbá kékeré di ìkókó.

Kò lè sọ̀rọ̀, ìṣó kún ẹnu. Gbogbo àdúgbò ti dé ojú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra ní, "Bàbá ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán, ìkòkò ń dúró."

Ẹ̀rín ti obìnrin olótẹ́ẹ̀lì náà ṣubú sórí àga kan. Ó ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Àga ò mì. Ó bi mí ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni.

Ó wo àgbọ̀n mi. "Irùngbọ̀n dà?"

"Ẹ jókòó lé e, mà."

Ó tún ju ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Wá gba iṣẹ́ ogójì àga náà lọ́la, Onírùngbọ̀n."

Èmi àti bàbá kékeré la jọ gbójú sókè. Èmi ló ń pè.