Òkú Inú Fíìmù Kì í Kí Ènìyàn

"Mùkáílà, kẹ́tù àlùwàlá mi ti gbẹ o. Bomi sí i kí o tó jáde."

Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Ó ní òun ń bọ̀, ó jáde sí ìsọ̀ rẹ̀ níwájú ilé, níbi tó ti ń kó fíìmù sí mẹ́mórì fún àwọn èèyàn. Kó tó wọlé padà, ìyá ti lọ. Ọjọ́ kọkàndínlógójì rèé, ilẹ̀kùn yàrá ìyá ṣì wà ní títì. Lọ́la ni àwọn àǹtí ń bọ̀ láti Ilé-Ogbó láti wá kó aṣọ ìyá ṣe sàráà ogójì ọjọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Mùkáílà.

Ni Abdulqowiyy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá wọ ìsọ̀ wá. Abdulqowiyy yìí, bí o bá bi í ní iye ehín tó wà lẹ́nu adìyẹ, á kà á fún ọ.

"Mùkáílà, bá mi wá fíìmù tó ń dẹ́rù bani. Kì í ṣe ti ọmọdé o. Èyí tí àgbàlagbà á wò, tí á máa wá ẹni tí yóò sìn ín lọ tọ̀."

"Ti òkú tó jáde nínú pósí wà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wọ funfun, ó di òwú símú, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀..."

"Kí ló dé tó ń rìn díẹ̀díẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?"

"Òkú mà ni!"

"Ẹni tó ti ń sinmi látọjọ́ yẹn! Á dé ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, á tún máa kanlẹ̀kùn. Á bá ìyàwó, á bá ọmọ, 'Ẹ kú ilé' lásán kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ò dẹ́rù bani. Ẹ̀kọ́ ilé ni kò ní."

"Ta ní ń kọ́ òkú ní ìkíni?"

"Òkú Ìwó ò nílò kí wọ́n kọ́ ọ."

Abdulqowiyy fa àga sún mọ́ ọn bí olùkọ́. "Kò yé ọ. Orin ló ń dẹ́rù bani. Tí o bá ti gbọ́ gbìì, gbìì, gbìì yẹn, nǹkan burúkú ti dé tán."

"Nǹkan burúkú tó ń lùlù kó tó wọlé? Lọ́jọ́ tí tiwa dé, ẹnìkan ò kọrin. Rédíò aládùúgbò ló ń polówó ọṣẹ."

Abdulqowiyy wolẹ̀. Ó wúkọ́.

"Ó dáa, ti àkúdàáyà ńkọ́? Ọkùnrin kan kú nílùú rẹ̀, ó lọ gbéyàwó nílùú mìíràn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n jọ gbé. Lọ́jọ́ kan ni ará ìlú rẹ̀ dé: 'Háà, ṣebí a ti sin eléyìí!' Bó ṣe pòórá nìyẹn! Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí mo wò ó."

"Ọdún mélòó lo pè é?"

"Márùn-ún."

"Ọdún márùn-ún. Obìnrin yẹn tún ń sunkún?"

"Ó ń ké gbárárá."

"Aláìmoore."

"Má fi àkúdàáyà ṣeré o! Àwọn kan ní àwọn rí..." Ó pa ẹnu dé.

"Pé àwọn rí ìyá mi tó ń ta irú ní Kuta. Mo gbọ́. Mo ti lọ."

"O lọ kẹ̀!"

"Lọ́jọ́ Àlàmísì. Mo dúró sẹ́yìn obìnrin náà, mo ní, 'Ìyá mi, ẹ kú ọjà.' Ó yíjú sí mi."

"Yéè! Ó wá pòórá?"

"Ó ní èló ni kí òun bù. Mo rà á, mo délé, mo fi se ọbẹ̀, yanrìn ló kún inú rẹ̀. Ìyá mi ò lè ta yanrìn fún ẹnikẹ́ni láyé, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní tà á lọ́run."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ọbẹ̀ yẹn nìkan ló bà mí lẹ́rù."

Abdulqowiyy lu àyà. "Èmi náà kì í bẹ̀rù. Mo kàn ń dán ọ wò ni. Ó yá, kó gbogbo wọn sí mẹ́mórì mi."

"Fíláàṣì tí àwọn fíìmù náà wà nínú rẹ̀, ìyá mi ló gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ òkú nílé àwọn. Abẹ́ ẹní ìkírun wọn ló wà. Gba kọ́kọ́rọ́, lọ mú un."

Abdulqowiyy wo kọ́kọ́rọ́ bí ẹni wo ejò.

"Mi ò ní àlùwàlá."

"Kí ni fíláàṣì fẹ́ fi àlùwàlá ṣe?"

"Ìwọ tó o láyà ńkọ́? Ogójì ọjọ́ ku ọ̀kan, o ò tíì ṣí i! Sọ òótọ́, ẹ̀rù òkú ń bà ọ́."

"Òkú wo? Tí òkú bá wà níbẹ̀, ṣé ibí ni ǹ bá jókòó sí?"

Mùkáílà dìde, ó gba ọ̀nà àárín ilé lọ sí yàrá náà. Abdulqowiyy tẹ̀ lé e dé ìdajì ọ̀nà. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dún kẹ́rẹ́, Abdulqowiyy bẹ́ síta, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀.

Ẹní wà ní kíká. Ìborùn wà lórí ìṣó. Kẹ́tù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbẹ táútáú.

"Mùkáílà!" Láti títì ni ohùn náà ti ń bọ̀. "Ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀?"

Ó wo yàrá náà yíká.

"Kò sí ẹnìkankan."

"Alhamdulilai!"

Mùkáílà pòṣé. Ó gbé kẹ́tù lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù, ó bomi sí i títí tó fi kún, ó gbé e padà sẹ́bàá ilẹ̀kùn.