Sálífò, Ọkọ Gbogbo Àgbébọ̀

Ní abúlé Sílítẹ̀ngà wa, ẹ̀dá méjì ló máa ń kọ láàárọ̀: àkùkọ àti Sálífò. Àkùkọ ń kọ nítorí pé ilẹ̀ mọ́. Sálífò ń kọ nítorí pé òun ni Sálífò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kì í kí n tó bú u. Sálífò Ará Àbíjàn, tó lo ọdún méjìlélógún nínú oko kòkó ẹlòmíràn, tó padà wálé bí ẹni tó ni kòkó. Sálífò Aláwò Dúdú, tí kì í yọ awò lójú bí òjò tilẹ̀ ṣú. Sálífò Oníkẹ̀kẹ́ Onídígí Méjì, ọ̀kan fún ọ̀nà, ọ̀kan fún ojú ara rẹ̀. Èmi gan-an ni mo so dígí kejì náà mọ́ ọn, èmi Páré tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi igbá.

Ọmọ ẹ̀yà Samo ni mí, ẹ̀yà Mosi sì ni gbogbo wọn. Bí Samo bá bú Mosi, ẹ̀rín ni Mosi gbọ́dọ̀ rín. Ẹrú mi ni wọ́n, ẹrú wọn ni mí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe fi eré náà lélẹ̀. Mosi tó bá torí àwàdà Samo fajú ro ti sọ ara rẹ̀ di ọmọdé. Nítorí náà, Sálífò kò lè pè mí lẹ́jọ́ lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún tó kọjá ló lọ sí Wagadúgù, tó sì gbé àkùkọ kan dé nínú apẹ̀rẹ̀. Ó funfun báláú. Ogbe orí rẹ̀ pupa, ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nípọn bí ọmọ odó. Sálífò ní ọkọ̀ òfurufú ló gbé e wá láti ilẹ̀ Faransé. Ó sọ ọ́ ní Kọ́mándà. Àwọn àgbà ti wí i pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí olówó rẹ̀ kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Sálífò pọn ọtí ọkà bàbà, ó pe gbogbo àdúgbò. Nígbà tí igbá ti yí ká, ó dìde, ó sì kẹ́dùn fún wa. Ó ní adìẹ wa kéré. Ó ní ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ní, wọn kò ní àyà. Ó ní bí a bá jẹ́ kí Kọ́mándà nìkan máa gun àgbébọ̀ wa, kí ọdún mẹ́ta tó pé, adìẹ Sílítẹ̀ngà yóò tó àgùntàn. Òun kò sì fẹ́ nǹkan kan. Kìkì òròmọdìẹ kan nínú mẹ́ta tí àgbébọ̀ wa bá pa. Kìkì ìkòkò ikán kan láti ilé kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, fún oúnjẹ Kọ́mándà. Kìkì pé kí gbogbo àkùkọ yòókù di ẹran ọbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dàpọ̀.

Ẹni tó bá sin adìẹ rí mọ̀ pé àgbébọ̀ mẹ́wàá ti tó àkùkọ kan. Mo bi í léèrè.

"Ẹrú mi, àgbébọ̀ ọgọ́rùn-ún, àkùkọ kan. Ìwọ tó o ní ìyàwó ẹyọ kan, ṣé o ń rójú sùn?"

"Kì í rẹ Kọ́mándà," ni Sálífò dáhùn. "Olówó rẹ̀ ló fi jọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí igbá fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Nàábà, baálẹ̀ wa, wà lórí igbá kẹta, ó sì mi orí pé ó dára. Bí Nàábà bá ti mi orí, ó di òfin: àkùkọ kan ṣoṣo ni yóò wà ní àdúgbò, ẹni tó bá sì fi òmíràn pamọ́, Sálífò ni yóò kó gbogbo adìẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Nàábà kì í padà sẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọbẹ̀ ta sánsán ní gbogbo agbo ilé. Èmi náà pa àkùkọ mi. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtìjú, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọbẹ̀ kò ta lágbàlá rẹ̀. Síbídù ni, opó Tìrágò. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún kan, ìsìnkú kejì, èyí tí a fi ń kádìí òkú, sì ń bọ̀ kí òjò tó dé. Nínú ẹbí wọn, bí opó bá fi adìẹ àgbàlá ara rẹ̀ ṣe ìsìnkú náà, ilé àti oko ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá ní in, àgbà ẹbí ni yóò fi tirẹ̀ ṣe é, àgbà ẹbí náà ni yóò sì máa pàṣẹ nínú ilé. Ẹ kò ní bi mí léèrè ẹni tó jẹ́ àgbà ẹbí Tìrágò. Awò dúdú wà lójú rẹ̀.

Àkùkọ tí Tìrágò fi sílẹ̀ jẹ́ abọ́lọ́rùn, ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́, ó pá gbọ̀rọ̀, ó pupa bí ata. Ojú kan ló ní. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ikán, kì í gbé e mì. Á máa ké jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kọ́-kọ́-kọ́, á fi ẹnu mú un sókè, á jù ú sílẹ̀, á tún mú un, títí àgbébọ̀ yóò fi sáré dé wá jẹ ẹ́. Nígbà náà ni yóò rọ apá kan sílẹ̀, tí yóò sì jó yí ìyàwó rẹ̀ ká. Mo mọ ọkùnrin púpọ̀ tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Kọ́mándà ńkọ́? Sálífò ń gbé e kiri lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti ilé dé ilé, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá da ikán sílẹ̀ fún un, á na apá bò ó, á sì máa ṣá àgbébọ̀ tó bá súnmọ́ ọn lórí. Bí ó bá yó, á jókòó. Bí wọ́n bá tì í títí tó fi gun àgbébọ̀, ìyẹn á wó sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, òun náà á yí gbirigbiri ṣubú. Sálífò á pàtẹ́wọ́, á ní iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́ kan, Síbídù wá bá mi lábẹ́ igi.

"Ẹrú mi, yá mi ní iná iwájú kẹ̀kẹ́. Kó ẹyin tí adìẹ rẹ sàba lé dání."

Ọjọ́ kẹjọ tí adìẹ mi ti wà lórí ẹyin mọ́kànlá nìyẹn. Mo kó wọn, mo tẹ̀ lé e wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ dí ojú fèrèsé. Ó gbé ẹyin mi kan síwájú iná. Ó mọ́ bí omi. Ó gbé òmíràn, bákan náà. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìrètí mi lọ. Lẹ́yìn náà ló mú ẹyin kan láti abẹ́ adìẹ tirẹ̀. Iṣan pupa tín-ín-rín ti ta káàkiri inú rẹ̀ bí gbòǹgbò, ojú dúdú kékeré kan sì wà láàárín, ó ń mì.

Mo wo ẹyin, mo wo obìnrin náà. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí ìdérí àká ọkà tó ti ṣófo, mo sì rí ojú kan tó ń wò mí láti ìsàlẹ̀.

Ó ti na ẹní kan sínú àká náà, ó jẹ́ kó rẹlẹ̀ dé orí àkùkọ. Àkùkọ tí kò bá rí àyè na ọrùn kò lè kọ. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá lé gbogbo ayé wọlé, á gbé e jáde sáàárín àwọn ìyàwó rẹ̀, á fún un ní eérú láti fi ra ara nítorí iná orí adìẹ, á sì dá a padà kí ènìyàn tó jí. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kan. Bí wọ́n bá mú un, adìẹ lọ, ilé lọ, oko lọ. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹnu tí mo ní. Mo gbé ẹnu náà lọ sí abẹ́ igi igbá, mo sì pa á mọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Láti ilé dé ilé, òbu ni ẹyin. Onílé kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ni ojú tì, ó sì rọra da tirẹ̀ sẹ́yìn ọgbà. Nígbà tí òórùn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mọ́, wọ́n lọ bá Sálífò. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní àgbébọ̀ ìgbẹ́ ni tiwọn, ojú ń tì wọ́n níwájú Kọ́mándà. Ó ní kí wọ́n máa fi ìkòkò ikán méjì ránṣẹ́ dípò ọ̀kan.

Àfi ìgbà tí ìròyìn jáde pé adìẹ méjì Síbídù ti pa ọmọ mẹ́tàdínlógún. Inú Sálífò dùn ju ti àgbébọ̀ lọ. Ó wọ agbádá funfun, ó gbé Kọ́mándà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó pe Nàábà, ó pe àdúgbò, ó ní kí gbogbo ẹni tó ń kùn wá fojú ara wọn rí i. Èmi náà lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àká yẹn.

Wọ́n fún Nàábà ní àpótí ìjókòó. Sálífò jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un.

"Ìyàwó wa," ló wí fún Síbídù, "kó àwọn ọmọ Kọ́mándà jáde, kí baba wọn rí wọn."

Síbídù ṣí apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà tó tú lápò. Kò sí funfun kan nínú wọn. Àti ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn, ọrùn gbogbo wọn pá gbọ̀rọ̀, ó pupa.

Mo wò ó pé bí n kò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni wọ́n ṣe dá Samo sáyé?

"Ẹrú mi, níbo ni Kọ́mándà fi ìyẹ́ ọrùn àwọn ọmọ rẹ̀ sí?"

"Ìwọ kò dé Àbíjàn, kò lè yé ọ," ni Sálífò wí. "Adìẹ Faransé gidi, bí wọ́n ṣe ń bí i nìyẹn. Ìyẹ́ ọrùn máa ń hù lẹ́yìn. Baba Kọ́mándà gan-an, abọ́lọ́rùn ni."

Ó ṣì ń ka ìran Kọ́mándà fún wa nígbà tí òjìji kan kọjá lórí ilẹ̀. Àṣá ni.

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti inú àká, níbi tí ojú kan ń yọ wo òfurufú láti àlàfo ara àká, ohùn kan ké, kì í ṣe kíkọ, ó gùn, ó le, irú èyí tí adìẹ kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ọmọ mẹ́tàdínlógún ti wà lábẹ́ ìyá wọn, àṣá sì gbé òfo lọ. Èkejì ni pé Kọ́mándà, ọmọ Faransé, ti já okùn ẹsẹ̀, ó ti sá wọ abẹ́ agbádá Sálífò. Sálífò fò sókè, adìẹ náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, agbádá sì dì mọ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ ṣubú. Awò dúdú bọ́. Nígbà tí wọ́n yóò fi tú wọn, Kọ́mándà ti fi ohun tí ẹ̀rù ń fà kun agbádá funfun náà láti àyà dé ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Nàábà kò wò wọ́n. Àká ló ń wò.

"Síbídù," ló pè é, "kí ló ké níbẹ̀ yẹn?"

Síbídù kò purọ́. Ó lọ, ó ká ẹní kúrò, abọ́lọ́rùn olójú kan fò jáde. Ó na ọrùn, ó sì kọ, lójú gbogbo wa. Síbídù kúnlẹ̀. Sálífò dìde pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀, ó ń pariwo pé Síbídù ti rú òfin, kí wọ́n kó adìẹ rẹ̀ fún òun báyìí.

Nàábà fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ọ̀rọ̀ mi kì í padà. Mo ní àkùkọ kan ṣoṣo ni kó wà ní àdúgbò. Kan ṣoṣo náà ni mo rí. Èyí tó wà nínú agbádá rẹ yẹn, n kò mọ orúkọ ẹran náà."

Ẹ̀rín bú. Obìnrin tó da òbu ẹyin ogún nù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nàábà ní kí Síbídù tọ́jú àwọn ọmọ náà, pé bí wọ́n bá ti dàgbà, a ó fi wọ́n ṣe ìsìnkú Tìrágò láti àgbàlá Tìrágò, kò sì sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ láìpè. Síbídù fi etí aṣọ nu ojú.

Sálífò ti ń wá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, àlejò pàtàkì kì í jáde nílé lọ́wọ́ òfo. Adìẹ la ń fún un, láàyè, tí a ti so lẹ́sẹ̀, láti lọ sè jẹ. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti bú onílé. Síbídù mú okùn, ó mú Kọ́mándà, ó so ó dáadáa, ó kúnlẹ̀ níwájú Sálífò, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọkọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá kí wa. Adìẹ àlejò yín nìyí. Ẹ tètè sè é, kí ó tó rù."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Kò sí ibi tí yóò gbà. Sálífò na ọwọ́ méjì, ó gba àkùkọ ara rẹ̀, ó sì ṣe àdúrà tí ẹni tó gba adìẹ gbọ́dọ̀ ṣe, ohùn rẹ̀ kò ju ti òròmọdìẹ lọ.

"Kí Ọlọ́run fi púpọ̀ kún un fún ọ."

"Àmín, ọkọ mi," ni Síbídù wí. "Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n."