Ẹrù Ìdána Bàbá Sakaráyà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin rò pé nítorí pé ẹrù wúwo ni. Ẹrù kọ́ ló wúwo o. Orí kunkun ló wúwo.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé Ẹ̀bá-Ọ̀pọ̀tọ́, Bàbá Sakaráyà lorúkọ rẹ̀. Ìjọ tó ń lọ kéré débi pé tí ẹnì kan bá sín nínú wọn, a jẹ́ pé ìjọ ti sín nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn nìkan lọ̀run wà fún. Bàbá Sakaráyà ò ní jókòó sábẹ́ igi tí ìmàle bá gbìn. Tí òjò bá ti orí oko abọ̀rìṣà ṣú bọ̀, yóò dúró lẹ́bàá oko tirẹ̀, yóò ní kó dúró ná kí òun kọ́kọ́ gbàdúrà sí i.

Ìwà yìí ló sọ ọmọ rẹ̀, Jóṣúà, di àpọ́n. Gbogbo ilé tí wọ́n bá ti lọ tọrọ ìyàwó, baba ló máa ń bà á jẹ́. Ìgbà tí Jóṣúà wá rí Àwẹ̀ró ní Ìsàlẹ̀-Odò, tọ́mọ náà sì ní òun gbà, Jóṣúà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má ba èyí jẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹrù ìdána dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Télọ̀ kan ti gbé tiẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tí oòrùn bá fi wọ̀, òun ni wọ́n máa fi Àwẹ̀ró fún."

Ó bá ṣíwájú lọ dúró dè é lọ́dọ̀ àwọn àna.

Ohun tí Bàbá Sakaráyà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lọ bá wòlíì wọn. Wòlíì ní kó fúnra rẹ̀ ru ẹrù náà, kí ọwọ́ kèfèrí kankan má kàn án. Ó tún fún un ní ìgò òróró àdúrà kan. Ó ní ọwọ́ òsì ni kó fi gbé ìgò yìí sókè réré títí yóò fi débẹ̀. Kó má kanlẹ̀, kó má sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tiwọn.

Gbogbo ìjọ pátá, ìyẹn èèyàn mẹ́rin, gbé agbọ̀n rù ú. Iṣu ló kún inú rẹ̀, wọ́n da obì sí i, wọ́n wá ki agbè oyin kan sáàárín. Ó ń lọ, ọwọ́ kan di agbọ̀n mú, ọwọ́ kan wà lókè bí ẹni tó ń bi tíṣà ní ìbéèrè.

Ó dé orí òkè, níbi téèyàn ti ń rí òrùlé Ìsàlẹ̀-Odò nísàlẹ̀, lẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ gbòǹgbò. Òun ò ṣubú, ẹrù ló ṣubú: agbọ̀n yọ̀ lórí rẹ̀, gbìì, ó jókòó sínú eruku. Kò sí ohun tó fọ́. Ilẹ̀ kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹrù.

Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún fa agbọ̀n. Ó dé orúnkún, ó padà sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó ní òun máa fi ọrùn gbé e dìde. Ọrùn dún kẹ́kẹ́. Ìgò ṣì wà lókè o!

Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ló bá a níbẹ̀, Àáfà Láìsì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kú wàhálà. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ n gbé yín rù."

"Ẹ̀sìn wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹrù lẹ fẹ́ gbé ni, àbí ẹ fẹ́ fi mí joyè? Ṣé ẹ ò rí láwàní ni?"

"Ẹ máa lọ. Àwọn èèyàn mi ń bọ̀."

"Àwọn mẹ́rin yẹn? Mo bá wọn pàdé. Wọ́n ti ń lọ sùn."

Bàbá kẹ̀yìn sí i. Àáfà náà ò lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo oòrùn, ó ń mi orí.

Kò pẹ́ ni Bàbá tajú kán rí aṣọ funfun tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. "Halelúyà! Arábìnrin ìjọ dé!" Ó ti ń jó pàdé rẹ̀ kó tó rí ìlẹ̀kẹ̀ funfun lọ́rùn ìyá náà. Ìyá Efúnyẹmí ni, olórìṣà Ọbàtálá. Ó ti lọ pọn omi òrìṣà, ìkòkò kékeré kan wà lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí omi fi máa délé. Ìyá na ìka sí agbọ̀n, ó na ìka sí orí Bàbá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú: jẹ́ n gbé ọ rù.

"Má fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí mi!" ni Bàbá wí. "Ìkẹta yín tí mo máa rí lónìí, màá sọ̀kò fún un!"

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú Àáfà dìde. "Bàbá, ẹ̀sìn mi ni ò jẹ́ kí n fi yín sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tó bá wù mí fún ara mi ni kó wù mí fún ẹnìkejì mi."

Ojú Bàbá pọ́n. "Ẹ gbọ́ olè! Tiwa nìyẹn! Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti gbọ́ ọ!"

"Ọ̀dọ̀ ta? Tiwa ni, ó sì pé sí wa lọ́wọ́!"

"Ẹ dá a padà!"

Ìyá Efúnyẹmí ò tíì lanu láti odò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹnu ò gbà.

"Irọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń pa! Kí baba ńlá yín tó mọ ìwé ni tiwa ti ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò! Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Omi ti bàjẹ́!"

Ó fi ìbínú da omi náà sílẹ̀. Ẹ wá wò wọ́n: gbogbo wọn ló ní òfin pé kí wọ́n ran ẹnìkejì lọ́wọ́. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó ni òfin, ẹrù sì wà nílẹ̀.

"Ó tó!" ni Bàbá wí. "Màá fi ọwọ́ kan yìí gbé e, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́!"

Ó fi agbára fa agbọ̀n, ó dé itan. Ó tún fà á, ó dé èjìká. Ó kù díẹ̀ kó dórí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibi tí omi òrìṣà ti sọ di ẹrẹ̀. Yọ̀ọ̀ọ̀! Agbè fọ́ mọ́ ọn lórí, oyin wẹ̀ ẹ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀, iṣu sì kọrí sí ìsàlẹ̀ òkè bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu agogo fún.

Ní Ìsàlẹ̀-Odò, iṣu àkọ́kọ́ yí gba àárín ewúrẹ́ kọjá, ó lọ dúró níwájú Bàbá Àwẹ̀ró gẹ́gẹ́ bí àna tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Èkejì fọ́ ìkòkò. Ìyá àgbà kan tí kò ríran dáadáa mọ́ kí iṣu náà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò rí i? Iṣu wọn ló dá wá! Àwọn ẹbí tèmi rèé, wọ́n kún ìta. Oòrùn ń wọ̀ o."

Jóṣúà káwọ́ lérí.

Bàbá Sakaráyà ò lè rìn mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Àáfà di abíyá rẹ̀ mú, Ìyá Efúnyẹmí gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Ó fẹ́ ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òun, ṣùgbọ́n èèrà ti fara mọ́ oyin ṣáájú wọn, èèrà náà ò sì tíì ṣèrìbọmi. Bí wọ́n ṣe gbé e wọ agbo ilé nìyẹn, koríko lára, ìgò lókè.

Bàbá Àwẹ̀ró wò wọ́n. "Ẹrù ìdána dà?"

"Òun lẹ̀ ń wò yìí," ni Àáfà wí.

"Ẹ gbọ́, Bàbá Jóṣúà. A kì í dá nìkan tọrọ ìyàwó. Ọmọ mi ò ní lọ sílé tí kò lẹ́ni. Àwọn wo lẹbí yín?"

Bàbá wo oòrùn, ó ku bíńtín. Ó wo ọmọ rẹ̀, omi ti lé sójú ọmọ náà. Ó gbé oyin mì.

"Àbúrò mi nìyí," ó nawọ́ sí Àáfà. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyí."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n?" ni Ìyá Efúnyẹmí wí. "Àbúrò ni mí o!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàbá Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹbí tó ń jà báyìí, ojúlówó ẹbí ni, kí wọ́n lọ mú Àwẹ̀ró wá. Télọ̀ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá bi Bàbá Sakaráyà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ó ronú títí, kò mọ èyí tí òun lè sọ tí ojú ò ní ti òun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gan sókè, èèyàn mẹ́ta ló ń fà á wálẹ̀, kò wá. Gbólóhùn kan péré ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e, kò dórí." Àwọn àgbà nu oyin kúrò lára rẹ̀, wọ́n bò ó láṣìírí, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ kejì ò rọ, pé ẹ̀sìn ló ń ṣe lókè. Wọ́n ṣáà ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.