Àṣẹ Tuntun Lórí Kòtò Ìjọba àti Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Bí Síbẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àbàtà, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó dá a dúró ná, ẹ ó tún jà á tó bá yá. Akéde Odélàdé ti dé, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìwádìí ọ̀nà márosẹ̀ ló rán an. Àwọn náà ni wọ́n ń wá wo kòtò àbáwọlé ìlú wa, láti ìgbà tí kò tíì ju àwo ọbẹ̀ lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n yà á ní fọ́tò. Wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń ka ọkọ̀ tó bá já sínú rẹ̀. Wọ́n wá gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n má dí i, torí bí wọ́n bá dí i, kí ni wọn yóò tún máa wádìí? Ìjọba sì gbà. Ìjọba tó ń gbọ́ràn ni tiwa.

Àṣẹ kìíní! Kòtò ti di kòtò ìjọba! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹni tó bá dà á, ọwọ́ ni yóò fi kó o jáde, àwọn àna rẹ̀ yóò sì jókòó tì í, wọn yóò máa wò ó.

Àṣẹ kejì! Ọkọ̀ tó bá fẹ́ já sí kòtò, kó rọra já. Awakọ̀ tó bá fẹ́ ṣépè níbẹ̀, kó má dárúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kankan.

Àṣẹ kẹta, ibẹ̀ ni wàhálà wà! Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ Abíọ́nà ní ìlú yìí mọ́! Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ! Ìgbìmọ̀ ti sọ fún ìjọba pé kòtò kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfi bí àlejò ìjọba ṣe yà sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Olùkọ́ pe Abíọ́nà, ìdajì kíláàsì jẹ́ ẹ. Àlejò béèrè ìdí. Wọ́n ní àwọn aboyún tó ń lọ sí ọsibítù ni, ọkọ̀ wọn kì í lè kọjá kòtò, ẹ̀bá ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Ojú ti ìgbìmọ̀. Nítorí náà, Abísílé ni gbogbo wọn yóò máa jẹ́. Òbí tó bá kọ̀, ìgbìmọ̀ yóò gba ẹran ìkómọ rẹ̀, wọn yóò lọ fi ṣèwádìí nínú ìkòkò ìyàwó wọn.

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ yìí kan Akéde fúnra rẹ̀. Ẹ̀bá kòtò náà ni Mojírádé, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí ọmọ tuntun sí. Ọ̀la ni ìkómọ. Nígbà tí wọ́n rán Akéde níṣẹ́ yìí, inú rẹ̀ bàjẹ́. Agogo yìí ló fi tọ́ ọmọ, bí wọ́n bá gbà á, kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó wá lọ bẹ Wúràọlá aya rẹ̀ pé kí wọ́n máa pe ọmọ ní Abísílé níta, kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ̀ gan-an nínú yàrá. Aṣọ ọmọ ni Wúràọlá ń fọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Orúkọ àmútọ̀runwá ni, Baba. Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yẹn nínú ẹrẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó rán yín kí wọ́n dí kòtò. Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ìyẹn, kó máa jẹ́ Abísílé.”

Akéde bá gbé agogo rẹ̀, ó bọ́ síta.

Àṣẹ kẹrin, òun ló kẹ́yìn! Ẹni tó bá pe orúkọ tí wọ́n fòfin dè yìí ní gbangba, yóò rugi oyin. Bó bá jẹ́ akéde ló pè é, wọn yóò gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ parí síbẹ̀. Ó ku ìkan, ìyẹn kì í ṣe tiwọn. Ilé Odélàdé ń pe gbogbo ìlú síbi ìkómọ lọ́la. Ẹ máa bọ̀ wá kí Abíọ́nà! Abíọ́nà o! Abíọ́nà, ọmọ ọmọ Odélàdé!

Akéde ti ké, etí ìlú ti gbọ́. Agogo rèé nílẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbé e.