Amúlétutù Ejò Àlàájì Rájí

Ní Òkè-Fìà, bí o bá béèrè ilé Àlàájì Rájí, wọn á bi ọ́ pé èwo nínú orúkọ rẹ̀ lo ń wá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọkọ Òjòlá, Ejò-ń-wárí-fún-un, Aláṣẹ Gbogbo Afàyàfà. Ejò kan ṣoṣo ló ní o, òjòlá kékeré tí kò gùn tó ìgbànú méjì, tó ń gbé nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀.

Ipò alága àwọn onílé àdúgbò ni Àlàájì ń wá. Mùtàlíbù aránfìlà ni wọ́n sì jọ ń du ú. Nígbà tí ojú ejò náà funfun bí ẹni pé ọṣẹ kó sí i, Àlàájì mọ̀ pé ó fẹ́ bọ́ awọ. Ó pe gbogbo onílé sí ọ̀sán Sátidé.

"Lódidi ni yóò bọ́ ọ, bí ìbọ̀sẹ̀! Èmi ni mo pàṣẹ fún un. Bí ejò bá ń gbọ́ tèmi, onílé wo ni kò ní gbọ́?"

Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣeé fẹnu sọ. Sikirat, ìyàwó rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn.

"Àlàájì, ètè àwa èèyàn gan-an ti là. Ẹ jẹ́ n rẹ aṣọ ìnura sínú omi, kí n fi í sínú àpótí yẹn."

"Àkísà ni wọ́n á fi tọ́jú ejò mi?"

Ó pe Dókítà Ọláfúnkẹ́, oníṣègùn ẹranko ní Iléṣà.

"Ọyẹ́ ni, bàbá," ni dókítà wí. "Ẹ rí i pé ilé rẹ̀ tutù dáadáa. Bí kò bá tutù, awọ yẹn á gbẹ mọ́ ọn lára. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé…"

Àlàájì ti pa fóònù. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti ra ẹ̀rọ amúlétutù tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọjú rẹ̀ sí àpótí ejò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ náà fi ń ké.

Ní Sátidé, àwọn onílé jókòó, wọ́n ń gbọ̀n. Mùtàlíbù fa fìlà bo etí. Dókítà náà dé láti Iléṣà, torí Àlàájì ní kó wá jẹ́rìí. Àlàájì gbé agbádá léjìká, ó ṣí aṣọ tó fi bo àpótí.

Awọ ejò ya bí ìwé tí eku jẹ. Díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, díẹ̀ fún ìrù pa, ojú kan ṣì funfun.

"Àlàájì," ni Mùtàlíbù wí, "ṣé àṣẹ yín ló ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ báyìí?"

"Dókítà yìí ló ní kó tutù! Ṣé kò tutù ni?"

"Tútù olómi ni mo wí, bàbá, bí aṣọ tútù, bí ilẹ̀ tútù. Ẹ̀rọ yìí tún ń fa ìwọ̀nba omi tó kù nínú afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ kejì lẹ gbé wọlé."

Ẹ̀rín sọ. Dókítà bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàsì, ó ní kí Àlàájì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ejò sínú rẹ̀, kí awọ lè rọ̀. Ejò wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Jùwọ́n, akọ̀wé àwọn onílé, dìde. "Níwọ̀n ìgbà tí a ti pé, ẹ jẹ́ ká dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ Mùtàlíbù, kó nawọ́."

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.

"Ẹni tó bá fẹ́ Àlàájì?"

Àlàájì fẹ́ yọ ọwọ́ kan.

"Bàbá! Awọ ojú ejò kò tíì rọ̀!" ni dókítà ké. Àlàájì dá ọwọ́ padà sínú omi.

"Mo fẹ́ ara mi!" ló pariwo.

"A ò rí ọwọ́ o," ni Jùwọ́n wí, ó sì kọ òdo sílẹ̀.